Ìbéèrè Kẹwàá Nílé Alágbàfọ̀

3.

…tí kò sí aago tó ń lù níbẹ̀, kò sí pápá ìṣeré, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kejì tí èèyàn lè yọjú wo ìwé rẹ̀. Tábìlì ìlọṣọ kan ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ náà. Áyọ́ọ̀nù wà lápá ọ̀tún. Ọmọ àti ìwé rẹ̀ wà lápá òsì. Ìyá dúró sáàárín, ó ń fi ọwọ́ kan lọ aṣọ oníbàárà, ó ń fi ìkejì tọ́ka síbi tí ọmọ ti ṣì í.

(Ojú ìwé kìíní àti ìkejì ò sí mọ́. Omi sítáàṣì ló dà sí wọn. Ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, a ò ní sọnù.)


4.

ÌKÉDE tó wà lára ògiri ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gbani síṣẹ́ ológun. Bébà náà ti pọ́n létí. Ẹnì kan ti fi báírò ya irùngbọ̀n sí ṣọ́jà inú àwòrán.

ẸNI TÓ BÁ MÚ ÌWÉ Ẹ̀RÍ ILÉ Ẹ̀KỌ́ ABẸ́LÉ WÁ:

(a) Kí ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ náà kọ gbogbo iṣẹ́ tí ó kọ́ ọ, àti máàkì tó gbà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.
(b) Kí òǹtẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀.
(d) Kí ó má ṣe sí iṣẹ́ kankan tí a kọ KÒ PARÍ sí.
(e) Bí ìwé máàkì bá dé lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí, inú ẹ́ńfílóòpù tí a lẹ̀ pa ni kó wà. Èyí tí olùbẹ̀wẹ̀ bá ti ṣí, a kò ní gbà á.
(ẹ) Kí ó gba àádọ́ta máàkì nínú ìdánwò ológun, níbi tí àwọn yòókù ti ń gba ọgbọ̀n.
(f) Kí ó má tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

ILẸ̀KÙN Á TÌ LỌ́JỌ́ Ẹ̀TÌ, AAGO MẸ́RIN ÌRỌ̀LẸ́.


5.

Ohun tí Oníbéèrè ní lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé:

— máàkì mọ́kànlélàádọ́rin nínú ìdánwò ológun
— ojú tó ríran, eyín tó pé, ẹsẹ̀ tó lè sáré (dókítà wọn ló sọ bẹ́ẹ̀)
— ìwé ẹ̀rí kan tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ kọ
— ọjọ́ márùn-ún. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, á pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Ohun tí kò ní:

— Ìṣirò


6.

Oníbéèrè kọ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ ló ń pè é bẹ́ẹ̀ látìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ tí ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́ mọ́. Ó ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ báyìí, orúkọ náà ò kúrò lára rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ wa tírélà. Ibi tí wọ́n bá gbé ẹrù rán an lóṣù yìí, ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n á rán an lóṣù tó ń bọ̀, tìyàwó tọmọ ló sì máa ń kó tẹ̀ lé e. Ọmọ tí kì í gbé ibì kan pé oṣù mẹ́ta, ilé ìwé wo ló fẹ́ parí? Ìyá ní òun á kọ́ ọ fúnra òun. Ó ra ìwé, ó ra báírò pupa, ó mú àtẹ́lẹsẹ̀ sálúbàtà kan tí èkejì rẹ̀ ti sọnù, ó fi bíléèdì gbẹ́ òǹtẹ̀ sí i. Lókè gbogbo ìwé tó bá ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde, ó máa ń kọ ọ́ pé: *Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde.*

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti rí òǹtẹ̀ ìjọba tí kò mọ́ tó ti sálúbàtà yẹn.

Àṣà kan tún wà nílé ẹ̀kọ́ náà. Ìbéèrè mẹ́wàá ló máa ń wà nínú ìdánwò, wákàtí méjì ni wọ́n sì ń fi ṣe é. Ìyá ló ń kọ mẹ́sàn-án. Ìkẹwàá kì í yí padà: *Béèrè ohun kan tí olùkọ́ rẹ kò bi ọ́, kí o sì dáhùn rẹ̀.*


7.

BÍ A ṢE Ń KÁ AṢỌ BẸ́Ẹ̀DÌ NÍLÉ YÌÍ

Ẹnì kan di etí méjì mú. Ẹnì kejì di etí méjì mú.
Ẹ fà á kó le.
Ìyá á béèrè ìbéèrè.
Bí ọmọ bá gbà á, wọ́n á rìn pàdé ara wọn, ọwọ́ á kan ọwọ́, aṣọ á di ìlàjì.
Bí ọmọ ò bá gbà á, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rìn. Wọ́n á dúró, aṣọ á wà ní fífà, títí ìdáhùn á fi dé.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ ìlàjì, ìdá mẹ́rin àti ìdá mẹ́jọ kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ wọ́n. Ọjọ́ kan wà tí wọ́n dúró fún ogójì ìṣẹ́jú. Ọwọ́ wọn kú tán. Ìyá ò sọ ìdáhùn.


8.

Sájẹ́ǹtì tó jókòó sí tábìlì kejì kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ti bọ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì sábẹ́ tábìlì nítorí ẹsẹ̀ náà wú. Ó ka ìwé ẹ̀rí náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo òǹtẹ̀, ó wo Oníbéèrè. Òfin sọ pé kí wọ́n pe ilé ẹ̀kọ́, ó sì gbé fóònù sórí tábìlì kí gbogbo wọn lè máa gbọ́.

SÁJẸ́ǸTÌ: Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ilé ẹ̀kọ́ abẹ́lé nìyí?
OHÙN: Òun ni.
SÁJẸ́ǸTÌ: Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá ọ̀gá àgbà sọ̀rọ̀.
OHÙN: Ẹ dúró. (Ìró áyọ́ọ̀nù tí wọ́n gbé kalẹ̀.) Ọ̀gá àgbà nìyí.
SÁJẸ́ǸTÌ: Màmá, ṣé kì í ṣe ohùn kan náà nìyí?
OHÙN: Ohùn kan náà ni. Iṣẹ́ ló yàtọ̀. Mò ń gbọ́ yín.
SÁJẸ́ǸTÌ: Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó lẹ ní?
OHÙN: Ọ̀kan.
SÁJẸ́ǸTÌ: Ipò wo ló máa ń mú?
OHÙN: Ìkíní. Òun náà ló máa ń gbẹ̀yìn.
(Wọ́n rẹ́rìn-ín ní tábìlì kìíní.)
SÁJẸ́ǸTÌ: Màmá, ìwé yín dáa. Àmọ́ mi ò rí máàkì Ìṣirò ti ọdún tó kẹ́yìn. Mo ní bóyá ẹ gbàgbé ni. Ẹ sáà sọ ọ́, màá kọ ọ́ síbẹ̀ báyìí.
(Ìró áyọ́ọ̀nù lórí aṣọ.)
SÁJẸ́ǸTÌ: Màmá?
OHÙN: Mi ò gbàgbé. Kò parí ẹ̀ ni.
SÁJẸ́ǸTÌ: Ẹ gbọ́ mi dáadáa, Màmá. Ọmọ yín ló jókòó síwájú mi yìí. Mo ní kí ẹ sọ máàkì fún mi. Máàkì yòówù tó bá wù yín.
OHÙN: Mo gbọ́ yín dáadáa. Ìbéèrè mẹ́wàá ni. Ó dáhùn mẹ́sàn-án. Kò parí.
SÁJẸ́ǸTÌ: (ó mí kanlẹ̀) Ó dáa, Màmá.
OHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé kó ra sítáàṣì bọ̀.


9.

11:42 — Màmá ẹ ṣeun o
11:43 — Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì
11:58 — *Máàkì kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀.*
11:59 — Ó ní máàkì yòówù tó bá wù yín!!
11:59 — Yòówù!!
12:20 — *Sítáàṣì ńkọ́?*
12:31 — Mo ti rà á


10.




(A fi àyè sílẹ̀. A óò padà síbí.)


11.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan náà. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì hòtẹ́ẹ̀lì mẹ́rìnlélógún ló wà lórí okùn, gbogbo wọn sì ti gbẹ. Ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ nìyí: bí ẹ bá ń bínú sí ẹnì kan, ẹ má bá a ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Kò síbi tí ẹ fẹ́ gbójú sí.

"Ẹ̀yin lolùkọ́ mi," Oníbéèrè ní. "Ẹ̀yin lọ̀gá àgbà. Ẹ̀yin nìyá mi. Nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sẹ́ni tó lè ràn mí lọ́wọ́?"

"Ìyá rẹ fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́. Olùkọ́ ló ní òun ò lè purọ́."

"Ṣé àwọn méjèèjì ò lè jókòó sọ ọ́ ni?"

"Wọn ò tíì ráyè. Aṣọ pọ̀."

Wọ́n ká mẹ́ta. Ní ìkẹrin, Oníbéèrè dúró, aṣọ lọ́wọ́.

"Màmá, ṣé torí Ìṣirò ni, àbí ẹ ò fẹ́ kí n lọ?"

"Ìbéèrè méjì lo dà pọ̀ yẹn. Mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Ṣé ẹ ò fẹ́ kí n lọ?"

Ìyá fa etí aṣọ tirẹ̀. Aṣọ le. Kò sẹ́ni tó rìn. Ojú Ìyá wà lára okùn, bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n sá ìdáhùn sí. Ìgbà tó pẹ́, ọwọ́ rẹ̀ tú. Etí aṣọ méjèèjì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, aṣọ funfun balẹ̀ sínú ẹrẹ̀ ibi ìfọṣọ.

Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí nílé ẹ̀kọ́ náà.


12.

Ìwé kékeré kan láti hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n fi píìnì há a mọ́ àpò aṣọ:

*Alágbàfọ̀, mẹ́rìnlélógún la kó fún yín. Mẹ́tàlélógún la gbà. Ọ̀kan dà?*

Lábẹ́ rẹ̀, báírò pupa:

*Ó ń gbẹ.*


13.

ÌWÉ ÀKỌSÍLẸ̀ ILÉ Ẹ̀KỌ́, ojú ìwé tó kẹ́yìn tí wọ́n kọ nǹkan sí. Ọdún méje sẹ́yìn. Báírò pupa.

*Ìdánwò àṣekágbá. Ìṣirò.*
*9:00. Ó bẹ̀rẹ̀.*
*9:50. Nọ́ńbà kẹrin. Ó ń jẹ ìdí báírò. Mo kìlọ̀ fún un.*
*10:20. Nọ́ńbà kẹjọ. Ara rẹ̀ balẹ̀.*
*10:41. Ó tọrọ omi. Mo fún un.*
*10:53. Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin méjì láti ibi iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Wọn ò fẹ́ jókòó.*
*Ìdánwò dúró.*

Lẹ́yìn èyí, ojú ìwé méjìlélógójì ló ṣẹ́kù nínú ìwé náà. Òfìfo ni gbogbo wọn.


14.

Bíréèkì tírélà náà ni kò mú, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan.


15.

FỌ́Ọ̀MÙ, ojú ìwé kẹta. KÍ LÓ DÉ TÍ O FẸ́ WỌ IṢẸ́ OLÓGUN?

(ó kọ ọ́, ó fagi lé e:) Mo fẹ́ sin ìlú mi tọkàntọkàn

(ó kọ ọ́, ó fagi lé e:) Ó ti rẹ̀ mí

(èyí tó fi sílẹ̀:) Mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀ńjìnnì àti bíréèkì ọkọ̀ ńlá. Wọ́n sọ pé lọ́dọ̀ yín, ẹ máa ń tú u palẹ̀ pátápátá kí ẹ tó kọ́ni bí wọ́n ṣe ń tò ó. Mo sì fẹ́ ní ìwé ẹ̀rí kan láyé mi tí ẹnì kan ò ní gbé sókè wò lójú oòrùn.


16.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó padà lọ. Kò mọ ohun tó fẹ́ lọ sọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé e débẹ̀.

SÁJẸ́ǸTÌ: Ìwọ tún nìyí.
ONÍBÉÈRÈ: Èmi ni, ọ̀gá. Bí mo bá lọ ṣe ìdánwò níbòmíì ńkọ́?
SÁJẸ́ǸTÌ: Oṣù márùn-ún kí èsì tó jáde. Ọjọ́ orí ẹ ò ní dúró dè ẹ́.
ONÍBÉÈRÈ: Bí mo bá bẹ ọ̀gá yín ńkọ́?
SÁJẸ́ǸTÌ: Àbúrò, èmi gan-an ò tíì ráyè bẹ̀ ẹ́ fún ìsinmi. Ọdún kẹta rèé.
(Ó tẹ ẹsẹ̀ òsì mọ́lẹ̀, ó ká ojú kò, ó tún gbé e sókè.)
SÁJẸ́ǸTÌ: Jẹ́ kí n bi ẹ́. Ìdánwò yẹn, kí ló dé tí o ò parí ẹ̀?
ONÍBÉÈRÈ: Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Bàbá mi ló kú.
SÁJẸ́ǸTÌ: O ò sọ bẹ́ẹ̀ lánàá.
ONÍBÉÈRÈ: Ẹ ò béèrè.
SÁJẸ́ǸTÌ: Mo ti ń ka òfin yìí fún ọdún mẹ́sàn-án. Mo mọ̀ ọ́n ju orúkọ àwọn ọmọ mi lọ. Ó ní kó parí. Kò síbì kankan tó ti sọ ìgbà tó gbọ́dọ̀ parí. Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ yín, ṣé ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́?


17.

Wọ́n fi lẹ́tà yìí há abẹ́ áyọ́ọ̀nù ní aago mẹ́ta ọ̀sán.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ilé Ẹ̀kọ́ Abẹ́lé,
Tábìlì Ìlọṣọ.

Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ wa,

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀYÈ LÁTI PARÍ ÌDÁNWÒ

Mo kí yín. Mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yín àtijọ́. Ó ku ìbéèrè kan nínú ìdánwò Ìṣirò mi nígbà tí mo dìde. Ẹ̀yin náà dìde lọ́jọ́ náà. Mi ò bẹ̀bẹ̀ fún máàkì. Àyè láti jókòó padà ni mò ń tọrọ.

Èmi ni tiyín,
Ipò kìíní (àti ìgbẹ̀yìn).

Èsì rẹ̀, báírò pupa, ní aago méje alẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ tí wọ́n jọ jẹ lórí àwo kan láìsọ ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀:

*A gbà á. Ọjọ́rú, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Mú báírò wá. Má pẹ́ dé.*

Yàrá kan náà ni wọ́n ń sùn.


18.

Ìyá ti wọ bàtà. Ìyẹn ni Oníbéèrè kọ́kọ́ rí. Láyé àtijọ́, ọjọ́ ìdánwò nìkan ló máa ń wọ bàtà sí ẹnu tábìlì ìlọṣọ. Ó ti yọ áyọ́ọ̀nù kúrò nínú iná. Ó ti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, èyí tó bọ́ sínú ẹrẹ̀ lọ́jọ́ Ajé ni. Ó ti mọ́ tónítóní.

Ìsàlẹ̀ àpótí ló ti mú ìwé ìdánwò náà wá, lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ti bàbá, tí Ìyá ti lọ̀ tó sì ti ká láti ọdún méje, tí kò sẹ́ni tó wá gbà wọ́n. Ìwé náà ti pọ́n. Àmì ife omi rí roboto ní igun rẹ̀. Ìkọ̀wé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó tóbi, ara sì tù ú. Oníbéèrè wò ó bí èèyàn ṣe ń wo àbúrò tó jọ ọ́.

Kò purọ́ fún ara rẹ̀. Ìdánwò ológun ò já a láyà tó báyìí.

"O ti lo wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́tàlélàádọ́ta," Ìyá ní. "Ó ku ìṣẹ́jú méje."

"Méje péré?"

"Wákàtí méjì ni mo fún ẹ. Ìgbà wo ni mo sọ pé ó ti di mẹ́ta?"

Oníbéèrè fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú Ìyá, ẹ̀rín náà sì padà síbi tó ti wá. Ìyá ò ṣeré. Ojú rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn.

Ìgbà yẹn ló yé e. Ìyá ti ti ilẹ̀kùn náà pa. Ó ti fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Kò sẹ́ni tó máa kàn án lónìí fún ìṣẹ́jú méje.

"Bẹ̀rẹ̀," Ìyá ní.


19.

Nọ́ńbà 10. *Béèrè ohun kan tí olùkọ́ rẹ kò bi ọ́, kí o sì dáhùn rẹ̀.*

Ìbéèrè: Aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan ní etí mẹ́rin. Èèyàn kan ní ọwọ́ méjì. Èèyàn méjì ló wà nílé. Bí ẹnì kan bá lọ, etí mélòó ni kò ní sẹ́ni tó máa dì í mú?

Ìdáhùn: 4 – 2 = 2. Etí méjì.

Ta ló máa wá di méjèèjì mú?



*(Àkókò pé. 9:07.)*


20.

"Màmá, mélòó ni mo gbà?"

"Kí ni wọ́n kọ sára ògiri ọ́fíìsì wọn?"

"Pé olùbẹ̀wẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ṣí i."

"Ṣé ìwọ kọ́ ni olùbẹ̀wẹ̀ ni?"

Ó kọ̀yìn sí i láti ṣe máàkì. Ó pẹ́. Ìwé kan ṣoṣo, ìbéèrè mẹ́wàá, omi hó lórí iná ó sì gbẹ, Ìyá ò tíì yíjú. Oníbéèrè gbọ́ tí báírò ń kọ, tí ó dúró, tí bébà ya, tí báírò tún ń kọ. Nígbà tó yá, ẹ́ńfílóòpù ti wà lórí tábìlì, ó ti lẹ̀ pa, òǹtẹ̀ sálúbàtà sì ti wà lórí ibi tó lẹ̀.

Ojú Ìyá pọ́n. Ó ní èéfín áyọ́ọ̀nù ni. Áyọ́ọ̀nù ò sí nínú iná.


21.

Ohun tí Oníbéèrè bá nínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ nígbà tó fẹ́ dà á nù. Bébà mẹ́ta, wọ́n ti fún wọn rúgúrúgú:

i.
*Sí Ọ̀gá Ológun. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí máa ń béèrè ìbéèrè púpọ̀. Àfojúdi kọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ ẹ́ níyà torí*

ii.
*Sí Ọ̀gá Ológun. Bí ẹ bá pè é lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀ kò ní dáhùn. Ẹ pè é lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá ní òun ò jẹun, irọ́ ni, ó*

iii.
*Sí Ọ̀gá Ológun. Ìṣirò:*

Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn Ìṣirò. Báírò ti dúró síbẹ̀ pẹ́, yíǹkì pupa ti fẹ̀ yí ojú ibẹ̀ ká.

Ó tẹ́ bébà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fi ọwọ́ lọ̀ wọ́n títí wọ́n fi gún. Ó kó wọn sápò. Inú rẹ̀ bàjẹ́, inú rẹ̀ sì dùn, kò mọ èyí tó pọ̀ jù.


22.

Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí ẹ́ńfílóòpù náà:

— ẹnu ọ̀nà ilé
— ibùdókọ̀
— inú ọkọ̀, nígbà tí oòrùn tàn gba ara rẹ̀ kọjá, tó rí nǹkan pupa kan tí kò ṣe é kà
— ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọ́fíìsì àwọn ológun, níbi tó ti jókòó fún ìdá mẹ́rin wákàtí láìṣe nǹkan kan

Ibi tó ti ṣí i:

—


23.

SÁJẸ́ǸTÌ: Ó nípọn. Kí ló wà nínú ẹ̀?
ONÍBÉÈRÈ: Mi ò mọ̀.
SÁJẸ́ǸTÌ: Lóòótọ́?
ONÍBÉÈRÈ: Ẹ wo òǹtẹ̀ ẹ̀.
SÁJẸ́ǸTÌ: (ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀) Èmi kọ́ ni màá ṣí i. Àwọn ọ̀gá méjì ló máa ń jókòó tì í láàárọ̀ Fúráìdè. Orúkọ á wà lára ògiri kí aago mẹ́rin tó lù. Bí o ò bá rí tìẹ níbẹ̀, má wulẹ̀ wọlé wá bi mí.
ONÍBÉÈRÈ: Ẹ ṣeun, ọ̀gá.
SÁJẸ́ǸTÌ: Ìyá ẹ. Ṣé ó máa ń gba ẹni tó dàgbà? Ọmọ mi kan wà tí wọ́n ti lé nílé ìwé mẹ́ta.


24.

ÌWÉ PÉ A RÍ I GBÀ

A gba: ẹ́ńfílóòpù kan
Ipò rẹ̀: ó wà ní lílẹ̀
Iṣẹ́ tí kò parí: ……………
(Ìgbìmọ̀ ni yóò kọ ọ́ síbẹ̀.)


10.

Ó gbọ́ ìró òòlù láti òpópónà, ó sì rò pé ilé káfíńtà ni. Ìgbà tó dé ẹnu ọ̀nà ló rí i pé ilé àwọn ni.

Ìyá dúró nídìí ògiri, òòlù káfíńtà lọ́wọ́. Ìṣó méjì ló ti kàn mọ́ ògiri. Wọ́n jìnnà síra díẹ̀, bí apá méjì tí èèyàn nà. Wọ́n ga ju èjìká Ìyá lọ. Oníbéèrè ò ní láti dúró tì í kó tó mọ̀ pé èjìká tòun ni Ìyá fi wọ̀n wọ́n. Erùpẹ̀ ògiri kún ilẹ̀. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan há mọ́ ìṣó méjèèjì létí, etí méjì yòókù wà lọ́wọ́ Ìyá báyìí, ó ti ju òòlù sílẹ̀.

Ó fà á. Ó le. Ó rìn lọ sídìí ògiri, ó mú etí pàdé etí. Ọ̀kan bọ́ lórí ìṣó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú un, ó tún un há. Ó padà sẹ́yìn, ó tún fà á.

"Ó ń ṣiṣẹ́," Ìyá ní, láìwẹ̀yìn. "Àmọ́ ìṣó ò lè rìn. Èmi nìkan ni mò ń rìn gbogbo ọ̀nà."

Oníbéèrè gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀. Ó lọ sídìí ògiri, ó yọ aṣọ náà kúrò lórí ìṣó kìíní, ó yọ ọ́ lórí ìkejì, ó di etí méjèèjì mú. Ọwọ́ rẹ̀ wà níbi tí ìṣó wà gan-an.

"Lọ fọ ọwọ́ ẹ ná. Inú ọkọ̀ lo ti ń bọ̀."

"Ó mọ́, Màmá."

Wọ́n fà á. Oníbéèrè ń retí ìbéèrè, kò gbọ́ nǹkan kan.

"Ìwọ ló kàn," Ìyá ní. "Èmi ti béèrè tó."

Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́ látìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó wo ìyá rẹ̀, ó rí i bó ṣe ti rẹ̀ ẹ́ tó, àti bó ṣe ti wọ bàtà lónìí tí kì í ṣe ọjọ́ ìdánwò.

"Màmá, ṣé mo parí ẹ̀?"

Ìyá wo ìṣó méjèèjì tó wà lẹ́yìn ọmọ rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ọjọ́bọ̀ ni, ọ̀la ni orúkọ á jáde lára ògiri. Wọ́n dúró, aṣọ wà ní fífà láàárín wọn, kò sì tíì sẹ́ni tó rìn.